Bí a ṣe ń fi orísun fáíbà mìíràn bọ́ ehoro tí a ń sìn fún ẹran

Ẹni tí ó bá ń sin ehoro fún ẹran sábà máa ń fi gbogbo ọkàn rẹ̀ sí purotéènì, nítorí pé ipa purotéènì ni ó máa ń kọ́kọ́ hàn nígbà tí a bá gbé ẹran sórí òṣùwọ̀n. Bẹ́ẹ̀, fáíbà, èyíinì ni apá ara ewéko tí oje inú ikùn ẹranko kò lè yọ́, ni ó ń pinnu bóyá ọmọ ehoro tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú yóò yè títí di ọjọ́ tí a óò pa á. Orísun fáíbà tí a mọ̀ jù lọ ni alfalfa gbígbẹ, ewéko kan tí wọ́n ń gbìn fún oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, tàbí koríko gbígbẹ tí ó dára, yálà ní ìdì tàbí nínú oúnjẹ oníkóró tí ilé-iṣẹ́ ti pò pọ̀. Nígbà tí èyí bá wọ́n jù, tàbí tí kò bá sí lárọ̀ọ́wọ́tó, ohun púpọ̀ ni ó wà tí a lè lò dípò rẹ̀: ìyàngbò, pòròpòrò, èèpo irúgbìn, ìtàkùn, ewé igi, àti ìyókù èso tí a ti fún omi tàbí òróró rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó dá tó láti ṣe gbogbo iṣẹ́ alfalfa nínú wọn. Irú fáíbà méjì ni ehoro nílò, ohun tí ọ̀kan ní ni èkejì kò ní, nítorí náà inú bí a ṣe ń so wọ́n pọ̀ ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà.

Iṣẹ́ méjì tí fáíbà ń ṣe

Ehoro kì í jẹ àpọ̀jẹ bí màlúù tàbí ewúrẹ́. Oúnjẹ tí ó bá jẹ yóò gba inú ikùn àti ìfun kékeré kọjá kí ó tó dé àpò ńlá kan tí ó wà níbi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá. Àpò yìí nìkan ń gba nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 gbogbo ohun tí ó wà nínú ikùn àti ìfun ehoro, inú rẹ̀ sì ni àwọn bakitéríà tí ń bá ehoro sọ ewéko di oúnjẹ ń gbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá, ara ehoro a máa ya ohun tí ó dé ibẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Èyí tí ó bá tóbi ju nǹkan bíi 0.3 mìlímítà lọ ni yóò tì síta kíákíá gẹ́gẹ́ bí ìgbẹ́ líle roboto tí gbogbo olùsìn mọ̀. Èyí tí ó bá kúnná, pẹ̀lú omi, ni yóò dá padà sínú àpò kí bakitéríà lè ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ohun tí bakitéríà bá ti ṣe tán yóò jáde ní ìgbẹ́ rírọ̀ tí ó so mọ́ra tí ó sì ń dán, ehoro yóò fi ẹnu gbà á tààrà láti ìdí ara rẹ̀, yóò sì gbé e mì láìrún un. Purotéènì àti fítámì B ni ó ń rí nínú rẹ̀. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe ìwà ọ̀bùn. Bí ehoro kò bá ṣe é, nígbà náà ni ó yẹ kí olùsìn bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

Láti inú ètò yìí ni iṣẹ́ fáíbà ti pín sí méjì. Fáíbà líle, tí ó kún fún sẹ́lúlóòsì àti lígínì, èròjà tí ó ń mú kí igi le, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dà nínú ehoro. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ti oúnjẹ lọ kí ohunkóhun má bàa pẹ́ jù nínú àpò ìfun. Fáíbà rírọ̀, irú èyí tí ó ní pẹ́kítìnì púpọ̀, èròjà rírọ̀ tí ó wà nínú èso, ni bakitéríà rere ń jẹ, ohun tí wọ́n sì ń ti ara rẹ̀ mú jáde ni ara ìfun fi ń lágbára. Bí fáíbà líle bá dín, tí sítáàṣì inú ọkà sì pọ̀, oúnjẹ yóò dúró lójú kan, àwọn bakitéríà búburú bíi Clostridium spiroforme yóò máa bí sí i, májèlé wọn yóò sì fa ìgbẹ́ gbuuru tí ó lè pa ọmọ ehoro láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí ó bá jẹ́ fáíbà líle nìkan ni a kó jọ, inú ehoro yóò yó, ṣùgbọ́n kò ní í tẹ̀wọ̀n, nítorí pé oúnjẹ ń kọjá lára rẹ̀ láìfi ohun kan sílẹ̀ fún un.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé níwọ̀n ìgbà tí ehoro ti ń jẹ koríko, ó ní láti mọ koríko dà dáadáa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Màlúù lè da ohun tí ó ju ìdá 40 nínú 100 fáíbà tí ó wà nínú alfalfa, ehoro kì í sábà da ju ìdá 20 lọ. Ìdí nìyí tí ohun tí ó tọ́ fún ewúrẹ́ kò fi di òfin fún ehoro. Àwọn tí ń sin màlúù a máa fi yúríà pò ìyàngbò kí ó lè rọrùn láti dà. Ẹ má ṣe dán an wò fún ehoro, nítorí yúríà náà yóò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn bakitéríà tí ìbá lò ó, kò ní í ṣe é ní oore, ó sì lè pa á lára.

Ní ti ìwọ̀n, oúnjẹ gbígbẹ tí ehoro tí ń dàgbà ń jẹ yẹ kí ó ní fáíbà tí ó tó ìdá 14 sí 16 nínú 100, pẹ̀lú purotéènì tí ó tó ìdá 15 tàbí 16. Abo tí ń fún ọmọ lọ́mú nílò agbára àti purotéènì jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà a lè dín fáíbà tirẹ̀ kù díẹ̀, sí ìdá 12 tàbí 13, kí purotéènì rẹ̀ sì tó ìdá 17 tàbí 18. Bí ẹ bá ní àǹfààní láti gbé oúnjẹ lọ sí ilé àyẹ̀wò, ẹ ní kí wọ́n wọn ADF fún yín pẹ̀lú, èyíinì ni ìwọ̀n sẹ́lúlóòsì àti lígínì. Kí ó má dín ní ìdá 17 fún ehoro tí ń dàgbà, kí lígínì inú rẹ̀ sì tó nǹkan bí ìdá 5. Ìwọ̀n fáíbà tí wọ́n máa ń kọ sára àpò oúnjẹ kò ya líle sọ́tọ̀ kúrò lára rírọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àṣìlò ti ń wá.

Àwọn ohun líle

Ìyàngbò àlìkámà, ti báálì tàbí ti óótì ni ó rọrùn jù lọ láti fi bẹ̀rẹ̀. Fáíbà inú ìyàngbò àlìkámà súnmọ́ ìdá 40 nínú 100, purotéènì rẹ̀ kò ju 3 tàbí 4 lọ, lígínì rẹ̀ sì tó ìdá 7 tàbí 8. Pòròpòrò àgbàdo àti ṣùkù rẹ̀ fara jọ ọ́, àyàfi pé ṣùkù le, a ní láti fọ́ ọ kí ehoro tó lè rí i jẹ. Pàǹtí ìrèké tí a ti fún omi rẹ̀ tán ní fáíbà tí ó ju ìdá 40 lọ, purotéènì inú rẹ̀ sì kéré débi pé ẹ lè kà á sí òfo; ṣúgà díẹ̀ tí ó kù lára rẹ̀ a tún máa mú kí ó kan kíákíá bí a kò bá sá a gbẹ lọ́jọ́ tí a fún un.

Èèpo kóró sunflower ní fáíbà tí ó tó ìdá 50, lígínì rẹ̀ sì lè tó ìdá 20. Ohun tí ó lágbára tó báyìí, díẹ̀ ni a ń lò: ìdá 5 tàbí 6 nínú àpapọ̀ oúnjẹ ti tó láti gbé lígínì oúnjẹ tí ó rọ̀ jù sókè. Páálí ẹ̀pà, èyíinì ni èèpo tí ó bo kóró rẹ̀ níta, ga jù bẹ́ẹ̀ lọ ní fáíbà, ó lè tó ìdá 60. Ṣùgbọ́n ibi tí èbu ti ń rọrùn láti wọlé ni, èbu tí ó sì ń wọ ẹ̀pà ni ó ń mú aflatoxin jáde, májèlé tí ń ba ẹ̀dọ̀ ehoro jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Bí kò bá dá yín lójú pé wọ́n sá ẹ̀pà náà gbẹ dáadáa kí wọ́n tó pa á, ẹ fi páálí rẹ̀ sílẹ̀.

Èèpo ìrẹsì ni mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú láti yẹra fún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó pọ̀ jù lọ níbi tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì. Fáíbà rẹ̀ ga lórí ìwé, ṣùgbọ́n ohun tí ó dà bí iyẹ̀pẹ̀ dídán, tí wọ́n ń pè ní sílíkà, wà nínú rẹ̀ púpọ̀. Ó le ju ohun tí ó yẹ ìfun kékeré lọ, ẹnu ehoro pàápàá kì í fẹ́ ẹ. Bí ẹ kò bá rí ohun mìíràn, kí ó má ju ìdá 5 nínú oúnjẹ lọ, kí ó sì jẹ́ èyí tí a ti lọ̀.

Àwọn ohun rírọ̀, àti ẹ̀tàn tí ó wà nínú wọn

Èèpo sóyà ni ó ń tan olùsìn jẹ jù lọ. Fáíbà inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 33 sí 40 nínú 100, purotéènì rẹ̀ tó ìdá 10 sí 12, nítorí náà bí a bá fi gbogbo rẹ̀ rọ́pò alfalfa, ìṣirò yóò dára lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lígínì inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá 2 lọ. Fáíbà tí ń bọ́ bakitéríà ni púpọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí ń ti oúnjẹ lọ. Ehoro tí ó bá ń jẹ ẹ́ nìkan lè kọ́kọ́ máa sanra, inú olùsìn yóò dùn, títí tí ìgbẹ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ohun rere ni èèpo sóyà, ó sì lè wọ oúnjẹ dé ìdá 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, níwọ̀n ìgbà tí ìyàngbò tàbí èèpo sunflower bá wà pẹ̀lú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyókù bíìtì tí a ti fa ṣúgà inú rẹ̀, ìyókù ọsàn tí a ti fún, àti ti ápù. Pẹ́kítìnì pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì wúlò gan-an fún fífi dípò díẹ̀ nínú ọkà, torí pé wọ́n ń fún ehoro ní agbára láìmú sítáàṣì wá. Wọn kì í ṣe ohun tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé fún fáíbà líle rárá. Kí wọ́n gbẹ kí a tó fún ehoro, kí wọ́n má sì ju ìdá 15 lọ.

Èérí àlìkámà wà láàárín. Fáíbà rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 10, purotéènì rẹ̀ tó ìdá 15 tàbí 16. A lè lò ó púpọ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé fáíbà rẹ̀ kò dé ìwọ̀n tí gbogbo oúnjẹ gbọ́dọ̀ ní, bí a ti ń fi kún un ni a ń fa fáíbà àpapọ̀ wálẹ̀. Ìyókù ekùrọ́ tí a ti fún òróró rẹ̀, pẹ̀lú fáíbà ìdá 15 sí 20 àti purotéènì ìdá 16 sí 18, kò ní ìṣòro yẹn. Ohun tí a ní láti ṣọ́ nínú rẹ̀ ni òróró tí ó kù, tí ó máa ń di kíkan bí ó bá pẹ́ nínú àpò.

Ewé, ìtàkùn àti koríko

Inú ìsọ̀rí yìí ni a ti lè rí ohun tí ó súnmọ́ alfalfa jù, torí pé fáíbà àti purotéènì jọ wà nínú wọn. Ìtàkùn ẹ̀pà àti ti ẹ̀wà, tí a kó jọ lẹ́yìn ìkórè nígbà tí ewé ṣì wà lára wọn, ni mo fi ṣe àkọ́kọ́. Igi ìtàkùn náà le, ewé rẹ̀ sì ní purotéènì. Ẹ̀bùn méjì ni nínú ìdì kan. Ohun tí ó ń bà wọ́n jẹ́ ni pé àgbẹ̀ máa ń fi wọ́n sílẹ̀ nínú oòrùn títí ewé yóò fi rẹ̀ dànù, tí ó fi jẹ́ pé ìtàkùn lásán ni olùsìn yóò kó délé. Ẹ kó wọn lọ síbi òjìji nígbà tí wọ́n bá ti rọ, ẹ tẹ́ wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sì máa yí wọn padà títí tí igi rẹ̀ yóò fi máa ṣẹ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́.

Koríko gíga bíi eéran àti èèsún dára bí a bá mọ ìgbà tí ó yẹ láti gé wọn. Nígbà tí wọ́n bá ṣì kéré, omi ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti so tán, wọ́n ti di igi, purotéènì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára wọn. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó ni kí ẹ gé wọn bí ẹ bá fẹ́ fi wọ́n ṣe oúnjẹ gidi. Èyí tí ó ti gbó kò yẹ ní jíjù nù, a lè tò ó sí ìsọ̀rí ìyàngbò kí a sì lò ó bẹ́ẹ̀, àyàfi bí orí rẹ̀ bá ní irun ṣóńṣó tí ó lè gún ehoro lẹ́nu.

Ewé mulberry àti ìtàkùn ọ̀dùnkún jẹ́ oúnjẹ tí ehoro fẹ́ràn púpọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n tútù ka fáíbà. Ẹ wo ìṣirò yìí. Omi gba nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 ìtàkùn ọ̀dùnkún tútù. Kílò kan rẹ̀, bí ó bá gbẹ, kò ní í ju 150 gíráàmù lọ. Ehoro tí ó nílò 100 gíráàmù oúnjẹ gbígbẹ lóòjọ́ yóò ní láti jẹ nǹkan bíi 670 gíráàmù ìtàkùn tútù kí ó tó rí i, ikùn ọmọ ehoro kò sì gba ìyẹn. Ẹ fún un díẹ̀ ní tútù fún ìgbádùn àti omi ara, ṣùgbọ́n ẹ sá ìyókù gbẹ. Kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì, tí gbogbo àwòrán ehoro fi ń hàn wá, ni ó kẹ́yìn pátápátá nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Méjì nínú àwọn ewé igi nílò ìṣọ́ra. Ewé Leucaena ní purotéènì tí ó ju ìdá 20 lọ, ṣùgbọ́n mimosine, májèlé tí ó wà nínú rẹ̀, máa ń mú kí irun ehoro re dànù, kì í sì í jẹ́ kí ó dàgbà bó ṣe yẹ; ẹ sá a gbẹ, kí ó má sì ju ìdá 10 nínú oúnjẹ lọ. Ewé ẹ̀gẹ́ àti èèpo rẹ̀ ní èròjà tí ó ń di sáyánáìdì nínú ara. Kí a gé wọn wẹ́wẹ́, kí a sì sá wọn sínú oòrùn títí tí wọn yóò fi gbẹ pátápátá, ni ó ń mú púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Ẹ tún rántí pé èèpo ẹ̀gẹ́ kì í ṣe fáíbà tó bí ó ti rí lójú, torí pé sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí ọ̀bẹ bó mọ́ ọn ṣì wà lára rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe ìṣirò àpòpọ̀

Ohun tí a nílò kò ju ìmọ̀ fáíbà àti purotéènì ohun méjì lọ. Ká ní oúnjẹ ọkà àti ẹ̀wà tí ẹ ti pò tẹ́lẹ̀ ní fáíbà ìdá 8, ẹ sì fẹ́ fi ìyàngbò onífáíbà ìdá 40 gbé e dé ìdá 15. Ẹ yọ 8 kúrò nínú 15, ó ku 7. Ẹ yọ 8 kúrò nínú 40, ó ku 32. Ẹ pín 7 sí ọ̀nà 32, yóò jẹ́ nǹkan bíi 0.22, èyí ni pé nínú 100 kílò àpòpọ̀, ìyàngbò yóò jẹ́ kílò 22, oúnjẹ yòókù yóò jẹ́ kílò 78.

Ẹ má dúró níbẹ̀, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ ń dúró sí nìyẹn. Ìyàngbò náà kò mú ju purotéènì ìdá 3 wá. Kí àpapọ̀ tó lè ní ìdá 16, kílò 78 yòókù gbọ́dọ̀ ní purotéènì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 20. Bí ó bá jẹ́ èèpo sóyà onífáíbà ìdá 36 àti purotéènì ìdá 11 ni ẹ lò, kílò 25 ni ẹ óò nílò, oúnjẹ yòókù yóò sì nílò ìdá 18 ó dín díẹ̀ péré. Ìyàtọ̀ yìí ni owó tí ìyàngbò olówó pọ́ọ́kú ń fà lẹ́yìn rẹ̀: ohun tí a rò pé a jèrè lórí fáíbà, a lè sanwó rẹ̀ padà lórí purotéènì. Ní èrò tèmi, àpòpọ̀ tí ó bọ́gbọ́n mu jù fún ẹni tí kò ní alfalfa ni kí ìtàkùn ẹ̀wà tàbí ti ẹ̀pà gbígbẹ kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àpapọ̀ oúnjẹ, kí ìyàngbò kó ìdá 8 sí 10 nínú 100, kí èèpo sóyà tàbí ìyókù bíìtì kó ìdá 10, kí ọkà, èérí àti oúnjẹ purotéènì pín ìyókù. Ẹ fi ìwọ̀n gidi tí ẹ bá ní lọ́wọ́ tún un ṣe, nítorí ìtàkùn oko kan kì í rí bí ti òmíràn.

Gígé, lílọ̀ àti ìpamọ́

Ìwọ̀n èérún ṣe pàtàkì bí ìwọ̀n fáíbà fúnra rẹ̀. Bí a bá lọ ìyàngbò di ìyẹ̀fun, ara ehoro yóò dá a padà sínú àpò ìfun dípò kí ó tì í síta, fáíbà líle yóò sì máa hùwà bí ìdènà. Bí ẹ bá ń lọ̀ ọ́ fún oúnjẹ oníkóró, kí ojú asẹ́ ẹ̀rọ náà má kéré sí 3 mìlímítà. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ oníkóró, ó sàn kí ẹ má lọ̀ ọ́ rárá: ẹ gé e ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2 sí 5, kí ẹ kó o sínú àgbékọ́ lára àgò, kí oúnjẹ ọkà wà nínú àwo tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ehoro tí ń fa koríko láti inú àgbékọ́ ń fi eyín ṣiṣẹ́, èyí sì wúlò, torí pé eyín rẹ̀ kì í dẹ́kun dídàgbà. Ìyẹ̀fun lásán tí a pò mọ́ ọkà ń wọ̀ ọ́ ní imú, yóò sì máa fi ẹnu ṣa ọkà jáde, yóò fi èyí tí a fẹ́ kí ó jẹ sílẹ̀.

Àgbékọ́ ni mo fẹ́ràn jù, àfi pé nǹkan kan wà tí ó yẹ kí a gbà nípa rẹ̀: a kò lè mọ iye tí ẹran kọ̀ọ̀kan jẹ. Ẹran tí ó lágbára lè jẹ ọkà ẹnìkejì rẹ̀ kí ó sì fi ìyàngbò sílẹ̀ fún un. Nínú àgò tí ọmọ ehoro bá pọ̀ sí, ẹ kọ́kọ́ fún wọn ní ohun onífáíbà, kí ọkà tẹ̀lé e lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹ díẹ̀.

Ohun gbogbo tí ẹ bá tọ́jú gbọ́dọ̀ gbẹ débi tí omi inú rẹ̀ kò fi ju ìdá 12 tàbí 13 lọ. Bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ àárín ìdì tí ó gbóná, tàbí tí ó ń rùn bí ilẹ̀ tútù, ó ti ń bu nìyẹn. Èyí tí ó bá ti bu, kí a má gbọn èbu rẹ̀ dànù kí a sì tún fún ehoro; májèlé kò sí lójú níbi tí a ti ń gbọn ọ́n. Ẹ má sì ṣe kó koríko etí títì tàbí ìyókù oko tí wọ́n fín ní oògùn kòkòrò, nítorí ẹran tí ènìyàn yóò jẹ ni a ń sìn. Nínú àwọn ewé tí kò yẹ kí ó wọ àgò rárá ni ewé píà oyìnbó, ewé tòmátò àti ti ànàmọ́ oyìnbó, àti ewé làrà.

Bí a ṣe ń mú un wọ oúnjẹ

Ohun tuntun, bí ó ti wù kí ó dára tó, gbọ́dọ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, kí a fi ìdá kan nínú mẹ́rin mìíràn kún un lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, títí tí yóò fi pé. Àwọn bakitéríà inú àpò ìfun ni a ń dúró dè, kì í ṣe ẹnu ehoro; ẹnu rẹ̀ lè gbà á lọ́jọ́ kìíní. Ọ̀sẹ̀ tí a já ọmọ lẹ́nu ọmú àti ọ̀sẹ̀ méjì tí ó tẹ̀lé e ni ewu pọ̀ jù, nítorí náà kí a má ṣe yí oúnjẹ padà nígbà náà rárá. Ohun tí ó tọ́ ni kí ọmọ ehoro ti mọ ohun onífáíbà náà kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Láti nǹkan bí ọjọ́ 18 sí 21 ni ó ti ń fi ẹnu kan oúnjẹ líle. Bí a bá wá já a lẹ́nu ọmú láàárín ọjọ́ 28 sí 35, kò ní í jẹ́ àjèjì sí i mọ́.

Omi gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo ìgbà. Ehoro ń mu ìlọ́po méjì ìwọ̀n oúnjẹ gbígbẹ tí ó jẹ, bí omi bá sì tán, ìyàngbò ni yóò kọ́kọ́ kọ̀.

Ìgbẹ́ ni ẹ̀rí tí a ó máa kà lójoojúmọ́. Èyí tí ó tóbi, tí ó gbẹ, tí a sì rí èérún koríko nínú rẹ̀ bí a bá fọ́ ọ, fi hàn pé fáíbà líle tó. Èyí tí ó kéré, tí ó dúdú, tí kò dọ́gba, tàbí tí irun so pọ̀ mọ́ra, fi hàn pé kò tó. Bí ẹ bá ń rí ìgbẹ́ rírọ̀ onídìí nílẹ̀ àgò láàárọ̀, tí ehoro kò jẹ ẹ́, oúnjẹ ti kún fún agbára tàbí purotéènì ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ dín ọkà kù kí ẹ tó ronú kan oògùn. Lẹ́yìn ìgbẹ́, òṣùwọ̀n. Ẹ wọn àwọn ọmọ ehoro mélòó kan, àwọn kan náà, ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Lórí oúnjẹ oníkóró tí ó péye, àwọn ìran ehoro ẹlẹ́ran a máa fi 30 sí 40 gíráàmù kún ara lóòjọ́. Lórí ewé àti ìyókù oko, ó lè jẹ́ ìdajì ìyẹn, èyí kò sì burú bí oúnjẹ bá rọjú. Èyí tí ó burú ni pé kí wọ́n máa jẹ púpọ̀ sí i láìsanra: fáíbà líle ti pọ̀ jù nìyẹn, ẹ mú díẹ̀ kúrò nínú ìyàngbò, kí ẹ sì fi ohun rírọ̀ dípò rẹ̀.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá yọ nínú àgò kan láàárín ìgbà tí ẹ ń mú ohun tuntun wọlé, ẹ dá àpòpọ̀ náà dúró fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ jẹ ẹ́, kì í ṣe fún ẹni tí ó ń ṣàìsàn nìkan. Ẹ yọ ọkà àti ewé tútù kúrò, ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí ìyàngbò tí ó mọ́ àti omi sílẹ̀ fún wọn, ẹ yà aláìsàn sọ́tọ̀, kí ẹ sì ké sí oníṣègùn ẹranko bí ó bá ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí ìgbẹ́ líle bá ti padà bọ̀ sípò fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdá kan nínú mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ dé dúró.